Ìgò Kápúsù Kan àti Ọ̀rá Tó Ń Pàwọ̀ Dà

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo tú kápúsù kan sórí àwo funfun kékeré láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ọsàn ni, ó kúnná bí àtíkè, òórùn rẹ̀ sì ta mí nímú débi pé mo sín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbé ojú kúrò. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ ni pé àwọn èròjà inú rẹ̀, tí gbogbo wọn ti ara ewé àti egbò wá, yóò sọ ọ̀rá funfun inú ara di ọ̀rá búráùn, àti pé ọ̀rá búráùn yìí yóò wá máa jó ọ̀rá yòókù bí iná ṣe ń jó koríko gbígbẹ. Ẹni tó ti sanra láti kékeré bíi tèmi, tó ti gbọ́ gbogbo ìmọ̀ràn tó wà lábẹ́ ọ̀run nípa oúnjẹ àti eré ìdárayá, kò lè rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó má dúró kà á. Mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ooru kan máa ń mú mi láyà ní alaalẹ́ lẹ́yìn tí mo bá gbé e mì, inú mi sì máa ń dùn sí i, nítorí mo rò pé ọ̀rá ló ti ń jó yẹn.

Bí mo ṣe ń lò ó ni mo ń ka ohun tí àwọn olùṣèwádìí kọ nípa ọ̀rọ̀ náà. Mo ti múra sílẹ̀ láti rí i pé irọ́ pátá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá ń pàwọ̀ dà lóòótọ́, àwọn èròjà inú ewé kan sì lè ti í sí i. Ibi tí ìgò mi ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni pé kì í ṣe àwọ̀ ni ó ń jó ọ̀rá.

Àká ni ọ̀rá funfun. Bí a bá fi maikirosikópù wo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan, ẹ̀kán òróró ńlá kan ṣoṣo ni a óò rí tó gba gbogbo inú rẹ̀, tó ti ohun yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ìgbà tí àpò ọkà bá kún yàrá débi pé onílé ní láti máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń polówó oògùn ṣe máa ń bú u. Ó ń tọ́jú agbára de ọjọ́ àìrí, ó sì ń fi họ́mọ́ònù tó ń jẹ́ leptin, èyí tí wọ́n ṣàwárí ní ọdún 1994, ránṣẹ́ sí ọpọlọ láti sọ bí àká ṣe kún tó. Ìgbà tí àká bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, tí òróró bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara, ni wàhálà dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́jọ láyé ni ìsanrajù ń bá fínra, nítorí náà ọjà ẹni tó bá lè sọ pé òun ní kọ́kọ́rọ́ àká yìí lọ́wọ́ kò lè kùtà.

Ọ̀rá búráùn ní tirẹ̀ kì í ṣe àká, ààrò ni. Òróró inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í jọ sójú kan, ńṣe ló fọ́n ká ní ẹ̀kán wẹ́wẹ́ bí ìrì láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ mitokọ́ńdíríà, àwọn ẹ̀yà tíntìntín tó ń jó oúnjẹ láti mú agbára jáde. Irin tó wà nínú àwọn mitokọ́ńdíríà wọ̀nyí, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá, ló fún un ní àwọ̀ tí a mọ̀ ọ́n sí.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù so mọ́ ọn. Nínú sẹ́ẹ̀lì lásán, mitokọ́ńdíríà máa ń ṣe bí ẹni tó ń fa omi sókè sínú táńkì. Bí ó ti ń jó ọ̀rá tàbí ṣúgà, ó ń fi agbára ibẹ̀ ti àwọn èérún tí wọ́n ń pè ní proton sí ẹ̀yìn awọ inú rẹ̀, wọ́n á kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n á sì máa wá ọ̀nà àtipadà. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún wọn ni ẹnu ẹ̀rọ kan tó ń yí bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, bí wọ́n bá sì ti ń gba ibẹ̀ kọjá ni ẹ̀rọ náà ń ṣe ATP, tí í ṣe owó tí gbogbo iṣẹ́ inú ara ń ná. Bí ara kò bá nílò ATP púpọ̀, táńkì á kún, fífa omi á dẹwọ́, jíjó ọ̀rá náà á sì dínkù. Ṣùgbọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá búráùn, purotéènì kan wà lára awọ náà tó ń jẹ́ UCP1, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó dá ihò sí ìdí táńkì lọ. Àwọn proton á gba ihò yìí ya padà láìyí ẹ̀rọ kankan, táńkì kò ní kún, mitokọ́ńdíríà á máa jó ọ̀rá lọ ràì, gbogbo agbára náà á sì di ooru. Lójú ẹni tó ń ṣọ́ owó ná, òfò gbáà ni. Lójú ọmọ ìkókó tí ara rẹ̀ kò tíì mọ bí a ti ń gbọ̀n nígbà òtútù, ẹ̀mí ló ń dá sí, ìdí nìyẹn tí ọmọ tuntun fi máa ń gbé ọ̀rá yìí wáyé láàárín palaba èjìká rẹ̀ méjèèjì.

Kì í ṣe ohun tuntun lójú àwọn tó ń ṣí inú ẹranko wò. Ní ọdún 1551, Conrad Gessner, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, rí i lára marmot, ẹranko kan tó máa ń sun gbogbo ìgbà òtútù mọ́jú, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀rá, kì í sì í ṣe ẹran. Àdán ni a máa ń sọ irú rẹ̀ sí: kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Fún ìgbà pípẹ́, èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé tí ọmọ ènìyàn bá ti dàgbà, ọ̀rá yìí á tán lára rẹ̀ tàbí kó kù díẹ̀ tí kò já mọ́ nǹkan. Àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé kò tán kò tilẹ̀ wá a. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ayàwòrán PET wá jẹjẹrẹ ni. Wọ́n máa ń fún aláìsàn ní ṣúgà tí wọ́n fi èròjà onítànṣán sí, ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń jẹ ṣúgà púpọ̀ á sì mọ́lẹ̀ nínú àwòrán. Nígbà mìíràn, ẹ̀bá ọrùn àti òkè èjìká á mọ́lẹ̀ rokoṣo, ní ọ̀tún àti ní òsì lọ́gbọọgba, lára ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ níbẹ̀ rárá, tí òtútù kàn ń mú. Wọ́n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú yàrá gbóná, tí wọ́n sì ń da aṣọ tó nípọn bo aláìsàn, kí ọ̀rá búráùn lè sùn, kó má ba àwòrán wọn jẹ́. Ní ọdún 2009, ikọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan ní Boston, ọ̀kan ní Maastricht, ọ̀kan ní Turku, gbé ìwádìí wọn jáde nínú New England Journal of Medicine, ó sì wá hàn kedere pé ọ̀rá búráùn ń ṣiṣẹ́ lára àgbàlagbà. Ó pọ̀ lára ẹni tí kò sanra ju ẹni tó sanra lọ, èyí tí mo kà tí mo sì kẹ́dùn díẹ̀.

Ti funfun tó ń di búráùn ni ọ̀rọ̀ ìgò mi. Ní ọdún 2012, ikọ̀ Bruce Spiegelman ní Boston ṣàpèjúwe irú sẹ́ẹ̀lì kan tó fara pamọ́ sáàárín ọ̀rá funfun, tí wọ́n ń pè ní beige, nítorí pé kò funfun tán, kò sì búráùn tán. Nígbà tí ara bá móoru, UCP1 inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run; bẹ́ẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ṣe rí títí àṣẹ á fi dé. Bí àṣẹ bá dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mitokọ́ńdíríà àti UCP1 tuntun, ẹ̀kán òróró wọn á fọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á sì máa mú ooru jáde. Bí àṣẹ bá dáwọ́ dúró, ohun tí wọ́n rí lára eku ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún padà di funfun. Ìgò mi kò sọ apá ìkẹyìn yìí.

Òtútù ló ń pa àṣẹ náà. Awọ ara á mọ òtútù lára, á sọ fún ọpọlọ, ọpọlọ á ránṣẹ́ gba inú àwọn iṣan tó ń múni gbára dì nígbà ìpáyà, àwọn iṣan náà á sì tú noradrenaline, èròjà tí ara fi ń jíṣẹ́ ìpáyà, sí ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá. Sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í tú òróró rẹ̀, òróró tó tú yìí gan-an á ṣí ihò UCP1, òun kan náà á sì di igi ìdáná. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí ará Japan fi àwọn ọkùnrin tí ọ̀rá búráùn wọn kò tó nǹkan sínú yàrá tí ìwọ̀n òtútù rẹ̀ jẹ́ 17°C fún wákàtí méjì lóòjọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ọ̀rá búráùn wọn gbérí, ọ̀rá ara wọn sì dínkù. Ọdún 2013 ni ìwádìí náà jáde. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa jókòó sínú òtútù fún wákàtí méjì lójoojúmọ́? Ibẹ̀ ni àwọn èròjà inú ewé ti wọlé, torí pé púpọ̀ nínú wọn ń gbìyànjú láti pa irọ́ òtútù fún ara.

Ata ló mọ̀ ọ́n pa jù. Capsaicin, èròjà tó ń jẹ́ kí ata ta ni lẹ́nu, máa ń di ohun kan tó ń jẹ́ TRPV1 mú ní ẹnu àwọn iṣan ìmọ̀lára, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ké sí ọpọlọ tí ohun gbígbóná tó lè jó ni bá kàn wá. Ikọ̀ David Julius ló ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1997, ó sì wà lára ohun tí òun àti Ardem Patapoutian torí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2021. Ọpọlọ tó gbọ́ igbe yìí á gbé àwọn iṣan ìpáyà dìde, noradrenaline á sì dé ọ̀dọ̀ ọ̀rá. Menthol inú ewé míǹtì ń gba ẹnu ọ̀nà kejì, TRPM8, tó ń mọ òtútù, ó sì ń kó UCP1 jọ lára eku. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ẹni tó purọ́ iná àti ẹni tó purọ́ òtútù jọ ń kan ilẹ̀kùn ọ̀rá kan náà.

Lára ata kan tí kì í ta ni lẹ́nu, wọ́n rí capsinoids, àbúrò capsaicin, tó ṣeé gbé mì láìsí omijé. Òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nígbà tí mo ń kàwé, nítorí pé ènìyàn ni wọ́n fi dán an wò. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2012, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ọ̀rá búráùn wọn ń ṣiṣẹ́ gbé mílígíráàmù 9 mì, agbára tí ara wọn ń jó sì fi kìlójúùlù 15 lé ní wákàtí kan. Lára àwọn tí kò ní ọ̀rá búráùn, nǹkan kan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Mo yọ̀ kí n tó ṣe ìṣirò rẹ̀: kìlójúùlù 15 kò pé kálórì 4. Kìlógíráàmù ọ̀rá kan ṣoṣo sì tó nǹkan bíi kálórì 7,700.

Àwọn yòókù kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Berberine, èròjà olómi ìyeyè tó wà nínú egbò àwọn igi kan, gbé ọ̀rá eku dìde nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2014. Ìfun ènìyàn kì í sì í gba púpọ̀ nínú rẹ̀ wọlé. Fucoxanthin inú koríko òkun ṣe bẹ́ẹ̀ lára eku ní Japan, curcumin inú atalẹ̀ pupa náà ṣe é. Ti tíì aláwọ̀ ewé gbọ́n díẹ̀, nítorí pé EGCG inú rẹ̀ kì í pàṣẹ, ńṣe ló ń dí ẹni tó fẹ́ palẹ̀ noradrenaline mọ́ lọ́wọ́, kí àṣẹ lè pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń lo mílígíráàmù 800 rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ nínú kápúsù lè fi ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wewu. Mo yí ìgò mi títí láti mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “àdàpọ̀ àkànṣe,” wọ́n sì fi iye gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sí i, láìsọ ìpín èròjà kọ̀ọ̀kan.

Resveratrol inú èèpo èso àjàrà ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n ti fi hàn lára eku pé ó ń sọ ọ̀rá funfun di beige. Ní ọdún 2011, ikọ̀ kan ní Maastricht fún ọkùnrin 11 tó sanra ní mílígíráàmù 150 rẹ̀ lóòjọ́ fún 30 ọjọ́. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn dára sí i, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ wọn dínkù, ṣùgbọ́n agbára tí ara wọn ń jó lójú oorun kò lọ sókè rárá, ńṣe ló wálẹ̀. Èròjà tó fa ìwòsàn kan wá tún pa iná ààrò kù.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ eku àti ti ènìyàn fi jìnnà síra báyìí? Yàrá ni. Inú yàrá tí kò ju 20°C sí 22°C lọ ni wọ́n máa ń sin eku fún ìwádìí, nítorí pé ibẹ̀ ló tu ènìyàn tó wọ aṣọ lára. Eku nílò nǹkan bíi 30°C kí òtútù tó kúrò lára rẹ̀. Nínú yàrá wa, ó dà bí ẹni tó wà níhòòhò nínú ọyẹ́ tọ̀sán tòru, àtimú ara gbóná sì ń gba apá ńlá nínú agbára tó ń ná. Ọ̀rá búráùn rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí èròjà kankan tó dé. Àwọn onímọ̀ ní Stockholm fi bí èyí ṣe ṣe pàtàkì tó hàn ní ọdún 2009: eku tí wọ́n yọ UCP1 lára rẹ̀ kì í sanra nínú yàrá tútù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí 30°C, ó sanra. Ẹ̀yìn tí mo ka èyí ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwọ̀n ooru yàrá nínú gbogbo ìwé nípa eku kí n tó ka àbájáde rẹ̀.

Bí a bá tiẹ̀ fi àṣẹ tó le jù lọ ránṣẹ́ sí ọ̀rá ènìyàn, èrè rẹ̀ kò pọ̀. Mirabegron kì í ṣe ewé, oògùn àpòìtọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ń kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ní tààrà. Ní ọdún 2015, mílígíráàmù 200 rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin ohun tí dókítà sábà máa ń fún ni, mú kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa jó nǹkan bíi kálórì 200 lé lóòjọ́, ọkàn wọn sì ń sáré. Nígbà tí wọ́n fún obìnrin 14 ní ìdajì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2020, ọ̀rá búráùn wọn pọ̀ sí i, ara wọn ń lo insulin, họ́mọ́ònù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, dáadáa jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìwọ̀n ara wọn kò sì yẹ̀. Bí a bá rí i pé ọ̀rá ti búráùn tán tí òṣùwọ̀n kò mọ̀, ó yẹ kí a dẹ́kun fífi òṣùwọ̀n wọn iṣẹ́ rẹ̀. Èrò tèmi ni pé bí èyíkéyìí nínú àwọn èròjà wọ̀nyí bá máa wúlò lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ ṣúgà àti òróró inú ẹ̀jẹ̀ ni yóò ti wúlò. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2021, tó wo àwòrán ara àwọn aláìsàn tó lé ní 52,000 ní New York, ti èrò yìí lẹ́yìn: àtọ̀gbẹ kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí ọ̀rá búráùn wọn hàn.

Ẹnì kan lè sọ pé kí a ṣáà wá ohun tó lágbára jù ú lọ. Wọ́n ti wá a rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe àdó olóró ní ilẹ̀ Faransé ń rù, wọ́n ń làágùn, àwọn kan sì ń kú, nítorí èròjà kan tó ń jẹ́ DNP tó ń wọ ara wọn. Ní ọdún 1933, àwọn dókítà ní Stanford bẹ̀rẹ̀ sí í fi í tọ́jú ìsanrajù, àwọn ènìyàn sì fọn lóòótọ́. Ihò ìdí táńkì náà ni DNP ń dá, ṣùgbọ́n gbogbo táńkì inú ara ló ń dá a sí, ní ọpọlọ, ní ọkàn, láìsí ilẹ̀kùn tí a lè tì. Ooru pa àwọn kan látinú wá, ojú àwọn mìíràn ṣú bíi kùrukùru, wọn kò ríran mọ́. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1938 ló lé e kúrò lọ́jà. Pé nǹkan ti ara ewé wá náà kò ní kó má ṣeni léṣe, nítorí pé ephedra, ewé pátápátá tó ń ṣe bíi noradrenaline, ni Amẹ́ríkà fòfin dè nínú kápúsù afúnra-lókun ní ọdún 2004 lẹ́yìn tí ó ti dá ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú.

Ara fúnra rẹ̀ máa ń ṣe àṣejù náà nígbà mìíràn. Lára àwọn tí iná jó gan-an, ọ̀rá funfun abẹ́ awọ máa ń di búráùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí noradrenaline tó kún ara wọn. Ní ọdún 2014, wọ́n rí irú rẹ̀ lára eku tí jẹjẹrẹ ń mú rù. Ohun tí ìgò mi fi ń polówó ni àwọn tó ń wá ìtọ́jú fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń wá ọ̀nà láti dá dúró.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo gun òṣùwọ̀n, mo sì rí i pé mo ti fi kìlógíráàmù kan àti díẹ̀ fúyẹ́. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti kà, inú mi dùn bí ọmọdé. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ apòògùn, lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi yọ̀, oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́ o.”

Ó ní, “Mo bá ọ yọ̀. Kí lo ń jẹ lálẹ́ báyìí?”

Mo ní, “N kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun alẹ́ mọ́, mà. Tí mo bá ti lò ó, àyà máa ń ta mí títí ilẹ̀ á fi mọ́.”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n lọ wá nǹkan jẹ.